Orí Keje: Omi Ló Ń Mú Búrẹ́dì Rọ̀

Ẹni tó bá fẹ́ ra búrẹ́dì ní ọjà Odò-Orí ní Ìwó kì í fi ojú nìkan rà á. Á fi àtàńpàkò tẹ̀ ẹ́ láti ẹ̀yìn ọ̀rá, á wá dúró wò ó. Bí ibi tó tẹ̀ bá rọra gbéra padà, á ki ọwọ́ bọ àpò. Bó bá jin kòtò tí kò dìde mọ́, á ní kí wọ́n gbé òmíràn wá. Àyẹ̀wò tí àwọn onímọ̀ oúnjẹ ń fi ẹ̀rọ ṣe nínú yàrá ìwádìí gan-an nìyẹn. Àwọn náà á tẹ búrẹ́dì wọlé dé ìwọ̀n kan, wọ́n á ka agbára tó gbà wọ́n, wọ́n á sì wo bó ṣe padà sípò tó. Ohun tí ẹ̀rọ àti àtàńpàkò jọ ń bèèrè kò ju méjì lọ: ṣé àwọ̀n tó gbé búrẹ́dì ró ṣì lè nà kó sì sún padà, ṣé omi inú rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀?

Ìbéèrè kejì yẹn ni mo gbé orí yìí lé, nítorí òun ni ọ̀pọ̀ ẹni tó ń ṣe búrẹ́dì nílé kì í bèèrè. Bí tiwọn bá le, yíìsì ni wọ́n máa ń dá lẹ́bi, tàbí kí wọ́n ní àwọn oníbẹ́kìrì ní oògùn kan tí wọn ò fẹ́ kí ẹlòmíràn mọ̀. Oògùn kan wà lóòótọ́, a ó dé orí rẹ̀, kò sì yẹ lẹ́nu ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n rírọ̀ búrẹ́dì, omi ni: omi tí ìyẹ̀fun gbà, tó dì mú, tí kò jẹ́ kó bá ooru ààrò lọ.

Búrẹ́dì bọ́gà ni mo fẹ́ fi ṣe àpẹẹrẹ, èyí róbótó tí a ń là sí méjì ká tó fi ẹran lílọ̀ tàbí ẹyin díndín há a láàárín. Òun ni kò gba ẹ̀tàn. Búrẹ́dì onígun mẹ́rin lè gbẹ díẹ̀, kí tíì sì bá a bo àṣírí. Búrẹ́dì bọ́gà tó bá gbẹ, fífọ́ ni yóò fọ́ sí ẹni lọ́wọ́, gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ á sì dà sára aṣọ. Láti ìgbà tí Yunifásítì Bowen ti ṣílẹ̀kùn ní Ìwó ní 2002, lórí ilẹ̀ tí kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn Onítẹ̀bọmi wà tẹ́lẹ̀, oúnjẹ àwọn ọ̀dọ́ ìlú ńlá kì í ṣe àjèjì níbẹ̀ mọ́. Ilé tó bá ní ọmọ ilé ìwé á ti gbọ́ orúkọ bọ́gà ju bó ṣe fẹ́ gbọ́ ọ lọ.

Kí ló dé tí búrẹ́dì tiwa fi yàtọ̀ sí ti bọ́gà? Ìtàn rẹ̀ kò tíì pẹ́ púpọ̀. Ọkùnrin ará Jàmáíkà kan, Amos Shackleford, dé sí Nàìjíríà ní 1913 láti wá ṣiṣẹ́ rélùwéè. Ní 1921 ó dá bẹ́kìrì sílẹ̀ ní Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́ta, nígbà tó sì yá, ọba búrẹ́dì ni wọ́n ń pè é. Ọwọ́ rẹ̀ ni ẹ̀rọ kan ti wọ ìlú tí àwọn oníbẹ́kìrì ń lò títí dòní: irin róbótó méjì tó dojú kọra, tí wọ́n ń ti ìyẹ̀fun pípò gba àárín wọn, tí wọ́n ń ká a, tí wọ́n tún ń tì í padà, títí ara rẹ̀ á fi máa dán. Ní ọdún 1921 kan náà, ní ìlú Wichita ní Amẹ́ríkà, Walter Anderson àti ẹnìkejì rẹ̀ ṣí ilé oúnjẹ White Castle. Anderson yìí ni àwọn ará ibẹ̀ sábà máa ń sọ pé ó kọ́kọ́ ṣe búrẹ́dì róbótó tí a yà sọ́tọ̀ fún bọ́gà. Ọ̀nà méjì tó ya ara wọn nìyẹn, nínú ọdún kan ṣoṣo.

Irin Shackleford kò fẹ́ omi púpọ̀. Bí ìyẹ̀fun bá rọ̀ jù, lílẹ̀ ni yóò lẹ̀ mọ́ irin. Nítorí náà búrẹ́dì Agége àti àwọn ẹbí rẹ̀ tó ń jáde ní bẹ́kìrì Ìwó, Ẹdẹ àti Òṣogbo jẹ́ èyí tí a pò líle, tí irin wá tẹ̀ títí inú rẹ̀ fi ṣe wínníwínní, tó ṣeé fà ya ní fọ́nrán-fọ́nrán. Ó dùn, mi ò sì ní jókòó kí ẹnikẹ́ni máa bú u lójú mi. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tó gbà rọ̀ kò ṣeé fara wé nínú ilé tí kò ní irin méjì yẹn. Ẹni tó bá fi ọwọ́ lásán po ìyẹ̀fun líle, líle náà ni yóò jẹ. Nínú búrẹ́dì bọ́gà, omi, wàrà, ẹyin àti bọ́tà ló ń ṣe iṣẹ́ tí irin ń ṣe.

Ẹ wo inú ìyẹ̀fun àlìkámà. Sítáàṣì ló pọ̀ jù níbẹ̀, ó tó ìdá méje nínú mẹ́wàá. Pùrótíìnì kò ju ìdá kan àti díẹ̀ lọ. Méjì nínú àwọn pùrótíìnì náà, gliadin àti glutenin, kò bá ara wọn ṣe títí omi yóò fi dé. Bí omi bá ti kàn wọ́n, wọ́n á so kọ́ra, wọ́n á di glúténì, àwọ̀n tó ń nà tó sì ń sún padà. Ẹ̀gẹ́, iṣu, àgbàdo, ọkà bàbà àti ìrẹsì kò ní irú rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀bà àti àmàlà fi ń ki tí wọ́n sì ń fà, síbẹ̀ tí afẹ́fẹ́ kì í ráyè gbé inú wọn.

Ìyẹ̀fun tí wọ́n ń wọ̀n ní kọ́ńgò lọ́jà wa, èyí tó dára fún búrẹ́dì ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, nítorí àwọn oníbẹ́kìrì ni oníbàárà ńlá fún àwọn ilé iṣẹ́ tó ń lọ àlìkámà. Flour Mills of Nigeria, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1960, ló bẹ̀rẹ̀ sí í lọ̀ ọ́ ní Àpápá ní 1962, àwọn mìíràn sì tẹ̀lé e. Oníkéèkì ni kó máa ṣàròyé pé ìyẹ̀fun ń fà jù, kì í ṣe alábúrẹ́dì.

Ká wá padà sórí omi. Hóró sítáàṣì tútù kì í mu omi púpọ̀. Ẹ da ògì sínú omi tútù kí ẹ fi í sílẹ̀ di àárọ̀ ọjọ́ kejì: ògì á ti tòrò sísàlẹ̀, omi á wà lókè, olúkúlùkù lórí àyè rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ gbé ògì kan náà ka iná, kí ẹ máa rò ó. Bí ooru rẹ̀ bá ti ń sún mọ́ 65°C, ohun kan á ṣẹlẹ̀ tí gbogbo ẹlẹ́kọ mọ àsìkò rẹ̀ láìsí òṣùwọ̀n ooru. Ó ń ki, ó ń dán, omi tó wà lókè lẹ́ẹ̀kan ò sí níbẹ̀ mọ́. Kò lọ sí ibì kankan. Àwọn hóró sítáàṣì ló wú, tí wọ́n tú ara wọn sílẹ̀, tí wọ́n sì gba omi náà sínú ní ìlọ́po-ìlọ́po ìwọ̀n ara wọn.

Àwọn ará Éṣíà ló fi ọgbọ́n yìí kan búrẹ́dì. Ní Japan, wọ́n ń da omi híhó lé ìyẹ̀fun díẹ̀ lórí, yudane ni wọ́n ń pè é; àwọn ará Ṣáínà ní tiwọn ń fi iná jẹ́jẹ́ sè é, wọ́n ń pe ìyẹn ní tangzhong. Ìwé tí Yvonne Chen ará Taiwan gbé jáde ní 2007 ló mú un délé àwọn èèyàn káàkiri, 65°C yẹn sì wà nínú àkọlé rẹ̀. Ẹni tó bá ti ro ẹ̀kọ gbígbóná rí kò ní ohun púpọ̀ láti kọ́ níbẹ̀. Ìdá kékeré nínú ìyẹ̀fun, nǹkan bí 6 nínú 100, ni ẹ ó fi omi ìlọ́po márùn-ún rẹ̀ sè kí ẹ tó pò ó mọ́ èyí tó kù.

Ohun tí ẹ̀kọ ìyẹ̀fun yìí ń ṣe fún ni tóbi ju iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Omi tó ti wọ inú sítáàṣì kì í lẹ̀ mọ́ni lọ́wọ́. Bí ẹ bá da iye omi kan náà sínú ìyẹ̀fun tútù, á máa fà mọ́ ọwọ́ àti tábìlì, jìnnìjìnnì á mú yín, ẹ ó sì máa bu ìyẹ̀fun lé e títí yóò fi le. Ibí yìí gan-an ni búrẹ́dì ilé ti ń bàjẹ́, kì í ṣe nínú ààrò. Ẹ̀kọ yìí ń jẹ́ kí omi pọ̀ tó bó ṣe yẹ láìda ọwọ́ láàmú. Bó bá wá dénú iná, omi tó há sínú rẹ̀ kì í tètè jáde. Apá kan rẹ̀ á di ooru, á ran búrẹ́dì lọ́wọ́ láti wú, èyí tó pọ̀ jù á sì dúró. Búrẹ́dì tó yẹ kó gbẹ lọ́jọ́ kejì á ṣì rọ̀ lọ́jọ́ kẹta.

Yíìsì ńkọ́? Ohun ẹlẹ́mìí ni, Saccharomyces cerevisiae lorúkọ rẹ̀. Irú rẹ̀ kan náà wà nínú ẹmu. Òun ló ń jẹ́ kí ẹmu òwúrọ̀ tó dùn di èyí tó ń gun ni lórí ní ìrọ̀lẹ́. Ó ń jẹ ṣúgà, ó ń tú gáàsì kábọ́ọ̀nù dàóksáìdì jáde pẹ̀lú ọtí díẹ̀. Gáàsì yẹn ni àwọ̀n glúténì ń há mọ́ inú, ọtí ní tirẹ̀ ń bá ooru ààrò lọ. (Ìlú àwọn ààfáà ni Ìwó láti ayébáyé, wọn ò sì rí ohun tó burú nínú búrẹ́dì.)

Ìwé ìdáná tí wọ́n kọ ní London á sọ pé kí ẹ fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, bí 40°C, pò ó, kí ẹ sì wá ibi tó móoru gbé e sí. Òótọ́ ni fún wọn, ilé ìdáná tiwọn lè wà ní 18°C. Ṣùgbọ́n ní Ìwó lóṣù Ẹrẹ́nà, ooru ọ̀sán lè ju 32°C lọ lábẹ́ páànù. Bí ẹ bá tún fi omi gbígbóná kún un, yíìsì á máa sáré àsápajúdé. Gáàsì á pọ̀ ju ohun tí àwọ̀n lè gbé, búrẹ́dì á wú tán kí adùn tó wọ inú rẹ̀, á sì wó nígbà tó bá kan iná. Omi àmù ti tó. Nínú ẹ̀ẹ̀rùn tó le, omi tó ti fíríìjì jáde gan-an ló dára jù. Ìgbà ọyẹ́ nìkan, ní òwúrọ̀ tí ètè ń là, ni omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ wúlò, ìgbà náà sì ni aṣọ tútù pọn dandan lórí abọ́, nítorí ọyẹ́ á gbẹ ojú ìyẹ̀fun débi tí yóò fi ní èèpo kó tó wú. Tí ooru bá ti dé nǹkan bí 55°C, kíkú ni yíìsì ń kú. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀kọ náà tutù dáadáa kí ẹ tó dà á lé e.

Oògùn tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan ni potassium bromate. Ohun tó ń ṣe kò ṣòro láti yé ni: ó ń mú kí àwọn pùrótíìnì glúténì so mọ́ra le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, kí àwọ̀n lè gbé gáàsì púpọ̀, kí búrẹ́dì sì ga fìrìgbọ̀n. Owó rẹ̀ kò pọ̀, ìwọ̀nba díẹ̀ ló sì ń ṣiṣẹ́ ńlá. Bí wọ́n bá wọ̀n ọ́n dáadáa tí iná sì jẹ ẹ́ tó, ó yẹ kó yí padà di bromide kó tó kúrò nínú ààrò. Bó bá pọ̀ jù, tàbí tí iná kò jẹ ẹ́ tó, á ṣẹ́ kù sínú oúnjẹ. Àwọn olùwádìí ní Japan rí i nínú ọdún 1980 sí 1989 pé ó ń fa jẹjẹrẹ kíndìnrín lára àwọn eku tí wọ́n fún ní omi rẹ̀ mu. IARC, ẹ̀ka Àjọ Ìlera Àgbáyé tó ń ṣèwádìí jẹjẹrẹ, kà á mọ́ àwọn ohun tó ṣeé ṣe kó fa jẹjẹrẹ lára ènìyàn. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fòfin dè é ní 1990. Ní ilẹ̀ wa, nígbà tí Dora Akunyili ń darí NAFDAC, àjọ tó ń ṣàbójútó oúnjẹ àti oògùn, ni àjọ náà kéde pé kò gbọ́dọ̀ wọ inú búrẹ́dì mọ́, tí wọ́n sì ń ti bẹ́kìrì tó bá tàpá sí i pa.

Iṣẹ́ kan náà wà lọ́wọ́ fítámì C, èyí tí kò pa ẹnikẹ́ni lára ní ìwọ̀n yìí. Ìdá kan nínú mẹ́rin hóró kan tí wọ́n kọ 100 mg sí, tí ẹ fi ẹ̀yìn ṣíbí lọ̀ kúnná, tó fún ìyẹ̀fun gíráàmù 500. Ẹ kọ́kọ́ yẹ ẹ̀yìn páálí yíìsì wò. Bó bá ní ascorbic acid (fítámì C náà ni) wà nínú rẹ̀, wọ́n ti bá yín fi sí i, ẹ fi hóró yín sílẹ̀ fún ìgbà òtútù.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká pò ó. Fún búrẹ́dì mẹ́wàá, ìyẹ̀fun gíráàmù 500 ni. Òṣùwọ̀n kékeré tí ń lo bátìrì wúlò ju kọ́ọ̀bù lọ níbí, nítorí ìyẹ̀fun tí a kì mọ́lẹ̀ nínú kọ́ọ̀bù ju èyí tí a rọra bù lọ dáadáa. Ẹ yọ 30 sọ́tọ̀ nínú rẹ̀, ẹ fi omi mílílítà 150 lú u kó má ní kókó, ẹ gbé e ka iná jẹ́jẹ́, ẹ máa rò ó títí ipa ṣíbí yóò fi máa hàn nísàlẹ̀ ìkòkò. Ẹ bò ó, kó tutù. Ẹ da 470 tó kù sínú abọ́ ńlá pẹ̀lú ṣúgà gíráàmù 50, iyọ̀ 8, àti yíìsì gbígbẹ 7, èyí tó ju ṣíbí tíì méjì lọ díẹ̀. Ẹ fọ́ ẹyin kan lé e, ẹ da wàrà mílílítà 160 sí i, kí ẹ̀kọ tútù yẹn wá tẹ̀lé e. Wàrà oníyẹ̀fun tí ẹ fi omi pò dára púpọ̀. Bó bá jẹ́ pé lọ́wọ́ àwọn Fúlàní ni ẹ ti ra wàrà tútù, ẹ sè é kó hó, kó tó tutù; ẹ̀ẹ̀kan náà ni ẹ ó pa kòkòrò àrùn, tí ẹ ó sì pa agbára pùrótíìnì kan nínú wàrà tútù tó máa ń sọ àwọ̀n glúténì di aláìlágbára.

Ẹ ó rí i pé mi ò tíì dárúkọ bọ́tà. Ọ̀rá tó bá tètè dé á bo pùrótíìnì mọ́lẹ̀ kí omi tó rí i, àwọ̀n kò sì ní so dáadáa. Ẹ kàn po àwọn yòókù pọ̀ títí ìyẹ̀fun gbígbẹ ò fi sí mọ́, kí ẹ bò ó fún ìṣẹ́jú 25, kí ẹ lọ máa ṣe nǹkan mìíràn. Nígbà tí ẹ bá padà dé, glúténì á ti fúnra rẹ̀ ṣe ìdajì iṣẹ́. Ìgbà yìí ni kí ẹ wá fi bọ́tà gíráàmù 50 sí i díẹ̀díẹ̀, kí ẹ sì pò ó fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún: ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ tì í síwájú, ẹ ká a padà, ẹ yí i, ẹ tún tì í. Bọ́tà á kọ́kọ́ bà á jẹ́ lójú yín, á máa yọ̀ ṣọ̀ọ̀ lọ́wọ́. Ẹ má dá a lóhùn. Bó bá ń lẹ̀, òróró díẹ̀ ni kí ẹ fi pa ọwọ́, ẹ má fọwọ́ kan ìyẹ̀fun gbígbẹ. Ó ti tó nígbà tí ẹ bá lè fa díẹ̀ nínú rẹ̀ láàárín ìka títí yóò fi fẹ́lẹ́ débi pé ìmọ́lẹ̀ á là á kọjá, tí kò sì já.

Ẹ bò ó. Nínú ooru Ìwó, á di ìlọ́po méjì láàárín ìṣẹ́jú 45 sí wákàtí kan. Ẹ má fi aago nìkan ṣe é: ẹ ki ìka tó ní ìyẹ̀fun bọ̀ ọ́. Bí ihò náà bá rọra ń kún padà láìkún tán, ó yá. Ẹ gé e sí mẹ́wàá, gíráàmù 95 ní ìkọ̀ọ̀kan, ẹ fa etí ìkọ̀ọ̀kan wá sísàlẹ̀ kí òkè rẹ̀ le dáadáa, ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ̀ ẹ́ pẹlẹbẹ díẹ̀, ẹ tò wọ́n sórí páànù tí ẹ ti fi bọ́tà pa. Kí ìka méjì wà láàárín wọn. Nígbà tí wọ́n bá wú, ẹ̀gbẹ́ wọn á kanra, ibi tó kanra yẹn kò sì ní le. Ìṣẹ́jú 30 sí 40 mìíràn, kí ẹ wá fi ẹyin tí ẹ pò mọ́ wàrà díẹ̀ pa wọ́n lórí. Yánmọtí tí ẹ ń rí lórí bọ́gà òyìnbó, ilẹ̀ wa wà lára àwọn tó ń gbìn ín jù lágbàáyé, àwọn ará Éṣíà ló sì ń rà á lọ. Ẹ bu tiyín sí i kó tó tán.

Ààrò onígáàsì, 180°C, ìṣẹ́jú 16 sí 18. Ẹni tí kò ní i, ìkòkò ńlá tó nípọn ń ṣe iṣẹ́ náà. Ẹ da iyanrìn gbígbẹ tí ẹ ti jọ̀ sísàlẹ̀ rẹ̀, kó jìn tó ìka méjì, ẹ gbé agolo pẹlẹbẹ lé e, ẹ dé e, kí ẹ sì jẹ́ kó gbóná fún ìṣẹ́jú 20 kí páànù tó wọlé. Àléébù rẹ̀ ni pé ìsàlẹ̀ nìkan ni iná ti ń wá. Àwọn ìyá wa tó ń ṣe kéèkì láyé àtijọ́ mọ èyí dáadáa: ẹyin iná ni wọ́n ń kó lé orí ìdérí, òun ló ń mú òkè pọ́n. Bí ẹ kò bá ní èédú, òkè á funfun, ṣùgbọ́n kò ní í sọ pé kó má rọ̀.

Ibi tí mo ti rí àwọn ọlọ́wọ́ dídára tó ń kùnà ni pé wọn kì í fẹ́ gbé e kúrò lórí iná. Sítáàṣì ti wú tán kí inú búrẹ́dì tó dé 75°C, glúténì náà ti dì. Tó bá ti dé 90°C, ó jinná. Gbogbo ìṣẹ́jú tó bá lò lẹ́yìn ìyẹn, omi tí ẹ ti ń ṣọ́ láti òwúrọ̀ ló ń gbé jáde. Bí ẹ bá ti gbé e kalẹ̀, ẹ fi bọ́tà pa á lórí, kí ẹ sì da aṣọ mímọ́ bò ó. Ooru tó ń jáde nínú rẹ̀ á padà wọ èèpo, èèpo á rọ̀. Ẹ má dì í sínú ọ̀rá nígbà tó ṣì gbóná, nítorí omi á sẹ̀ sínú ọ̀rá, èéhù á sì tẹ̀lé e.

Gbogbo ilé ló mọ bí ẹ̀bà àná ṣe ń le. Omi rẹ̀ kò lọ tán. Àwọn ẹ̀wọ̀n sítáàṣì tó tú ara wọn sílẹ̀ nínú omi gbígbóná ló tún ń wá ara wọn rí, tí wọ́n ń tò jọ, tí wọ́n sì ń ti omi sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ohun kan náà ló ń ṣe búrẹ́dì, inú fíríìjì ló sì ti ń yára jù. Fíríìjì tí a rò pé ó ń tọ́jú búrẹ́dì, èéhù nìkan ló ń bá a lé. Ní ti líle, òun gan-an ló ń mú un wá. Ẹ fi tiyín sínú ọ̀rá tó dì dáadáa lórí tábìlì, kí ẹ jẹ ẹ́ tán láàárín ọjọ́ méjì sí mẹ́ta. Èyí tó bá ṣẹ́kù, inú fíríísà ló yẹ, bí iná bá dúró. Búrẹ́dì tó ti le, tó ṣì ní omi nínú, ẹ gbé e sórí ooru omi híhó fún ìṣẹ́jú díẹ̀. Tí inú rẹ̀ bá ti kọjá 60°C, àwọn ẹ̀wọ̀n náà á tún tú, á sì rọ̀ fún wákàtí bíi mélòó kan.

Ní ti ìlera, ìṣirò ilé rọrùn. Iyọ̀ gíráàmù 8 nínú búrẹ́dì mẹ́wàá jẹ́ 0.8 ní ìkọ̀ọ̀kan; Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí àgbàlagbà má jẹ tó gíráàmù 5 lóòjọ́, ẹran àti kẹ́ṣọ́ọ̀pù sì ń bọ̀ wá gba tiwọn. Ṣúgà jẹ́ gíráàmù 5 ní ìkọ̀ọ̀kan. Ẹ lè dín in sí 30, ṣùgbọ́n ṣúgà náà ń di omi mú, ẹ ó sì rí ìyàtọ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Ohun tí mo máa ń yẹ̀ wò jù ni bọ́tà inú ike. Òfin tí NAFDAC ṣe ní 2022 ní ọ̀rá trans kò gbọ́dọ̀ ju gíráàmù 2 lọ nínú 100 gíráàmù ọ̀rá. Bí wọ́n bá kọ "partially hydrogenated" sára ike, orísun ọ̀rá trans nìyẹn, ẹ dá a padà sórí pákó.

Ọ̀rọ̀ ibi tí ìyẹ̀fun ti ń wá ló kù. Àlìkámà tí à ń jẹ, òkèèrè ló ti ń wá jù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n ń gbìn ín ní Kánò, Jígáwá, Kẹ́bbí àti Bọ́nọ́. Ní 1987 ìjọba ológun Babangida fòfin de kíkó o wọlé, títí òfin náà fi kúrò ní 1992. Ní 2005 ìjọba Ọbásanjọ́ ní kí wọ́n máa po ìyẹ̀fun ẹ̀gẹ́ ìdá 10 nínú 100 mọ́ ti búrẹ́dì. Nígbà tí Akínwùnmí Adéṣínà jẹ́ mínísítà ètò ọ̀gbìn láti 2011 sí 2015, ìdá 20 ló ń lé. Àwọn oníbẹ́kìrì kò fi bẹ́ẹ̀ fẹ́ ẹ, mi ò sì bá wọn wí: gbogbo ẹ̀gẹ́ tó bá wọlé, ipò glúténì ló ń gbà.

Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ inú búrẹ́dì bọ́gà yìí kò nílò glúténì rárá. Sítáàṣì nìkan ló ń wá. Nítorí náà ibẹ̀ ni kí ẹ fi ẹ̀gẹ́ sí: 30 gíráàmù ìyẹ̀fun ẹ̀gẹ́ funfun tí kò kan, kì í ṣe láfún, nítorí òórùn láfún á bo ti bọ́tà mọ́lẹ̀. Ẹ fi omi mílílítà 150 kan náà rò ó. Á ki kíákíá ju ti àlìkámà lọ, á sì máa fà, ẹ má jẹ̀ẹ́ kí èyí dẹ́rù bà yín; ẹ tètè sọ̀ ọ́ kalẹ̀ tó bá ti ń dán. Ẹ fi àlìkámà 470 yòókù sílẹ̀ fún iṣẹ́ tí òun nìkan lè ṣe.